“N Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n” Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìtìjú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá òde òní ti sọ di èèwọ̀ láìjẹ́ pé babaláwo kankan kà á léèwọ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ náà ni “n kò mọ̀ ọ́n.” Olùkọ́ kì í fẹ́ sọ ọ́ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ sọ ọ́ níwájú olùkọ́, ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í sì í fẹ́ kí ó ti ẹnu òun jáde níwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ gbèjà ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ fi hàn pé ibi tí a ti ń sá fún un jù lọ, ìyẹn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, gan-an ni ibi tí ó ti wúlò jù lọ, àti pé kì í ṣe ìṣe àwọn baba wa ni a ń tẹ̀ lé bí a ti ń sá fún un yìí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ló fa àríyànjiyàn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti Yorùbá ni ó kà jáde. Ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ó wá iṣẹ́ olùkọ́ títí, kò rí. Nígbà tó yá, ó lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ránṣẹ́ pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ènìyàn sí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni: kí ó máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà wọn ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí ó sì máa bá wọn tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ọjọ́ náà pé nígbà tó wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sí etí àga, ó sì fa ìwé méjì yọ nínú báàgì rẹ̀.

Ìwé kìíní ni ìpolówó iṣẹ́ náà. Wọ́n to ohun tí wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìmọ̀ Windows, ìmọ̀ ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ Active Directory, àtúnṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ìrírí ọdún mẹ́ta. Mo ní kí ó fa ilà sí abẹ́ èyí tó bá mọ̀ dájú. Méjì péré ló fa ilà sí. Ó lè tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ kí ó sì tò ó padà; ó lè fi Windows tuntun sínú rẹ̀; bí díísìkì bá kú, ó lè pààrọ̀ rẹ̀; ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sì í bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kò tíì fojú kan Active Directory rí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ ni wọ́n ti ń lò ó láti darí orúkọ àti àṣẹ ìwọlé gbogbo wọn láti ojú kan. Ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe kò ní ohun tí yóò fi í ṣe. Ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà, etí ló fi gbọ́ ọ. Ti ìrírí ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin náà ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ìwé kejì ni ó bà mí nínú jẹ́. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n kọ ọgọ́ta ìbéèrè sí pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ó fi owó rà á, ó sì ti kọ́ ogójì sórí nínú wọn. Mo ṣí i wò. Windows XP ni ìwé náà ṣì ń fi ṣe àpẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Windows 7 tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní, ọdún 2020, Windows 10 pàápàá sì ti tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Mo ní, “Kí ni DNS?” Ó gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìdáhùn bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń ka ìsọdipúpọ̀. Kò ṣì í kà, kò sì dúró mí. Mo wá ní, “Ó dára. Èmi ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn. Mo pè ọ́ lórí fóònù, mo ní íntánẹ́ẹ̀tì mi kò ṣiṣẹ́. Kí ni o máa kọ́kọ́ bi mí?” Ó dákẹ́. Ó wo ìwé náà. Nínú ọgọ́ta ìbéèrè tó wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó kọ́ ọ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

“Ẹ máà bínú, sà,” ni ó wí níkẹyìn. “Wọ́n ní ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ nǹkan, wọn kì í gbà á. Wọ́n ní kí a sáà sọ pé a mọ̀ ọ́n, pé bí a bá ti wọlé tán, a óò máa kọ́ ọ.”

Mo bi í pé ta ni “wọ́n.” Kò lè dárúkọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń ta ìwé ìdáhùn fún ọmọ aláìríṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ láti kọ́ wọn ní bí a ti ń gbé àyà síwájú tí ohun kan kò sì sí nínú àyà náà. Àwọn ni mo kọ àròkọ yìí láti bá jà, àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń fún wọn ní ọjà tà wà níbẹ̀, àwa olùkọ́ tí a bí wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní íntánẹ́ẹ̀tì òun kò ṣiṣẹ́, nǹkan mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ náà lè túmọ̀ sí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò béèrè pé: Ṣé tiyín nìkan ni àbí ti gbogbo yàrá? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Kí ló yí padà láti àná sí òní? Ṣé wáyà ṣì wà nínú ihò rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo yàrá, kò ní máa tú kọ̀ǹpútà ẹnì kan palẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹnì kan, yóò wo àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà ẹni náà ń lò. Bí ó bá rí i pé 169.254 ni ó bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì náà, yóò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà yìí wá ẹ̀rọ tí ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí a ń pè ní DHCP, kò rí i, ó sì fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí kò lè gbé e jáde kúrò nínú ọ́fíìsì. Bí àdírẹ́sì bá dára, yóò fi àṣẹ ping pe ẹ̀rọ tó jẹ́ ẹnu-ọ̀nà ọ́fíìsì náà sí ìta. Bí ìyẹn bá jẹ́ ẹ, yóò pe nọ́ńbà kan tó wà níta, irú bí 8.8.8.8 tí Google ni ín. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ni tí orúkọ kò sì jẹ́ni, ọ̀rọ̀ ti di ti DNS nìyẹn. Àlejò tó mọ orúkọ agbo ilé tó ń lọ ṣùgbọ́n tí kò mọ ojú ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà; DNS ni ẹni tó jókòó sí oríta tí ń júwe ilé fún un. Bí ẹni yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ àlejò lè le koko, kò ní dé ibi tó ń lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ìgbésẹ̀ kan tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìmọ̀. Ẹni náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mọ bí a ti ń wádìí rẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìdánwò CompTIA A+, tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti ń ṣe kárí ayé láti ọdún 1993, fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìlànà onígbèésẹ̀ mẹ́fà. Kí o dá ìṣòro mọ̀, kí o sì bi ẹni tó ń lo ẹ̀rọ léèrè. Kí o méfò ohun tó lè fà á. Kí o dán àbá rẹ wò. Kí o ṣètò àtúnṣe kí o sì ṣe é. Kí o rí i dájú pé gbogbo nǹkan ti padà sípò. Kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀. Bí àbá rẹ kò bá jóòótọ́, kí o dá òmíràn tàbí kí o gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹni tó jù ọ́ lọ. Oníṣègùn tó bá gbé àgbo fún aláìsàn kí ó tó bi í pé ibo ló ń dùn ún, ẹ̀yin náà mọ irú oníṣègùn tó jẹ́. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ń sọ ọmọ yìí di irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀.

Mo ní “kí o gbé e lọ bá ẹni tó jù ọ́ lọ.” Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a máa pín iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà sí ìpele ìpele. Ìpele kìíní ń gbọ́ ẹjọ́, ó sì ń parí èyí tó kéré. Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò kọ gbogbo ohun tó ti ṣe sílẹ̀, yóò sì gbé e fún ìpele kejì. Ìpele kejì lè gbé e fún ìkẹta. Kí ni èyí fi yàtọ̀ sí bí a ti ń parí aáwọ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Baálé ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá jù ú lọ, ó di ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò. Bí ó bá ju olóyè lọ, ó di ààfin. Kò sẹ́ni tó ń pe baálé ní òmùgọ̀ nítorí pé ó gbé ẹjọ́ lọ sí ààfin. Èyí tí a ń pè ní òmùgọ̀ ni baálé tó jókòó lé ẹjọ́ tí kò lè dá títí ọ̀rọ̀ fi di ìjà ìgboro. Nítorí náà, mímọ ibi tí ìmọ̀ ẹni pin sí jẹ́ ara iṣẹ́ ẹni tó wà ní ìpele kìíní. Ẹni tó bá purọ́ mímọ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti fi hàn pé apá yìí nínú iṣẹ́ náà ni òun kò lè ṣe. Lọ́la, yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà akápò ilé-iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, yóò máa tẹ èyí, yóò máa tẹ tọ̀hún, nígbà tí ìpè fóònù kan ṣoṣo sí ìpele kejì ìbá ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ó sì lè pa ìṣirò owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́ níbi tó ti ń fara pa mọ́.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa ló kọ́ wa láti bo àìmọ̀ mọ́ra, pé Yorùbá kì í tú àṣírí ara rẹ̀. N kò gbà. Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́ni níṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n fà lé aláṣọ òkè lọ́wọ́ kì í gun orí òfì lọ́jọ́ tó dé. Òwú ni yóò máa ká. Títí di òní, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ a kọ́kọ́ máa fọwọ́ rán etí aṣọ àti ihò bọ́tìnnì kí ọ̀gá tó fà á lé sáàsì. Ọmọ awo a kọ́kọ́ mọ àwọn ojú odù mẹ́rìndínlógún kí ó tó máa kọ́ àwọn ọmọ odù, tí gbogbo rẹ̀ fi di 256, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, gbogbo ayé mọ ibi tí ọmọ náà dé. Kò sí ẹni tó ń bi ẹni tó ń ká òwú pé aṣọ mélòó ló ti hun. Ọmọ náà kò sì ní ìdí kan tí yóò fi purọ́, nítorí bí ó bá purọ́, aṣọ oníbàárà ni yóò bàjẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò sì san án. Ọjọ́ tó bá gba ìyọ̀ǹda, tí a gbàdúrà fún un tí a sì jẹ tí a mu, ni ojúlùmọ̀ àti àjòjì mọ̀ pé ó ti tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Àwa la sọ ìwé ẹ̀rí di aṣọ tí a fi ń bo ìhòòhò, tí ojú fi ń ti ọmọ láti sọ pé òwú ni òun ṣì ń ká.

N kò sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1998, èmi náà jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan tí ń wá olùkọ́ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bàbá àgbàlagbà kan láàárín wọn bi mí bóyá mo ti ka ìwé kan báyìí lórí ohùn nínú èdè Yorùbá. Mo ní mo ti kà á. Àkọlé rẹ̀ ni mo mọ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Kí ni o kò gbà nínú rẹ̀?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí òógùn fi bò mí, n kò sì sọ nǹkan kan. Bàbá náà rọra pa fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ dé. Ohùn tí fáìlì náà mú jáde ṣì wà ní etí mi di òní. N kò rí iṣẹ́ náà gbà, ọdún méjì sì kọjá kí n tó rí òmíràn. Bí mo bá ti sọ pé, “N kò tíì rí i kà, sà, ṣùgbọ́n mo ti ka èyí tó jọ ọ́,” bóyá n kò bá má rí i gbà bákan náà. Ṣùgbọ́n n kì bá tí jáde níbẹ̀ bí ẹni tó jalè.

Ẹnì kan lè ní, “Ọ̀mọ̀wé, ayé ti yí padà. Bí ọmọ tiyín bá sọ òtítọ́, tí mẹ́sàn-án yòókù purọ́, àwọn mẹ́sàn-án ni wọn yóò mú.” Àtakò yìí lágbára, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó jẹ́ òtítọ́ pé “n kò mọ̀ ọ́n” tó dúró lóun nìkan kò tó oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ tó sì panu dé ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ohun tí mo ń gbèjà ni “n kò tíì mọ̀ ọ́n” tó ní ìrù lẹ́yìn: n kò tíì ṣe é rí, èyí tó jọ ọ́ tí mo ti ṣe nìyí, ibi tí n óò ti wádìí rẹ̀ nìyí, bí ó bá sì jù mí lọ, ohun tí n óò kọ sílẹ̀ fún ẹni tí mo bá gbé e fún nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yóò gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń sọ báyìí àti ẹni tó ń ka ìwé pẹlẹbẹ. Ìbéèrè kejì ní í máa ń tú àṣírí ẹni tó kọ́ ìdáhùn sórí, gẹ́gẹ́ bí ó ti tú tèmi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò rìn tó ìṣẹ́jú méjì.

Báwo wá ni ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò pé ṣe lè múra sílẹ̀? A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù kí ó sanra, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ju ọjọ́ kan lọ. Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo bi í ohun tó lè fọwọ́ kàn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni VirtualBox, èyí tí ń jẹ́ kí ènìyàn ní kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, àti pé Microsoft a máa jẹ́ kí ènìyàn fi Windows Server dánra wò fún ọjọ́ 180 láìsanwó. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni dátà, nítorí pé ó ju gígábáìtì mẹ́rin lọ, àti iná. Mo bá a ra dátà. Ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù fún un ní alẹ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó ti gbé Active Directory kalẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí kò sí níbì kankan bí kò ṣe nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dá òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sínú rẹ̀, ó ti ẹnì kan mọ́ta, ó sì tún un ṣílẹ̀kùn. Ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni tó gbàgbé tirẹ̀. Èyí kì í ṣe ìrírí ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ohun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kò sì nílò irọ́ kankan láti sọ ọ́.

Ohun kejì tí mo ní kí ó ṣe, ẹ lè ní iṣẹ́ mi ló ń pè mí. Mo ní kí ó máa fi Yorùbá ṣàlàyé ohun gbogbo tó bá kà fún ìyá rẹ̀, tí ń ta gààrí, kí ó tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àkàwé àlejò àti ẹni tó jókòó sí oríta tí ẹ kà lókè yẹn, tirẹ̀ ni. Fún ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ibi tí Yorùbá rẹ̀ bá ti há, ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ náà ti há. Gẹ̀ẹ́sì lè gbé àìmọ̀ pọ̀n kí ẹnikẹ́ni má fura, torí pé ọ̀rọ̀ tí a yá lè dún dáadáa lẹ́nu láìyé ẹni tó ń sọ ọ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn, àbájáde rẹ̀ kò sì fi hàn pé èdè abínibí dí ọmọ lọ́wọ́ ìmọ̀. A yìn ín, a sì gbé e sí orí àjà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi bi ọmọ yìí ní ìbéèrè lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò sì fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti yé ni ní èdè ìyá ẹni kì í ṣòro láti túmọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin agbanisíṣẹ́. Ẹ pe iṣẹ́ ní iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wá béèrè ìrírí ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọmọdé. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Yóò ya aṣọ tuntun ọrùn rẹ̀ kí ó lè jọ àkísà. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wọn ní irọ́ kí wọ́n tó dé ẹnu-ọ̀nà yín, ẹ ó sì máa kígbe lẹ́yìn náà pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kì í ṣe olóòótọ́. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi fọwọ́ kan iṣẹ́ kí ó tó jáde ilé-ìwé. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a rán sí yín ṣe. Mo mọ èyí tó lo oṣù mẹ́fà ní ọ́fíìsì, tí oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọ̀gá sì ni ohun tí ó ń lọ rà.

Ọ̀rọ̀ tó kàn, tiwa ni, àwa olùkọ́. Ta ló kọ́ ọmọ yìí pé àkọ́sórí ni ìmọ̀? Ọdún mẹ́rin ló fi wà lọ́dọ̀ wa. A ka ìwé sí wọn létí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ ọ sórí, wọ́n dá a padà fún wa ní ọjọ́ ìdánwò, a sì fún wọn ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dìde ní kíláàsì tó ní, “Sà, kò yé mi,” a bi í pé níbo ló wà nígbà tí a ń ṣàlàyé, gbogbo kíláàsì a sì rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe é rí. Ẹ̀rín yẹn ló tẹ ìwé pẹlẹbẹ náà jáde. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà ni a ń kọ sára ògiri. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ni a fi ń ṣẹ̀sín.

Ọmọ náà lọ sí Èkó. Wọ́n bi í nípa Active Directory, ó sọ ohun tó ṣe fún wọn, ó sì fi kún un pé ilé ni òun ti ṣe é, kì í ṣe ibi iṣẹ́. Wọ́n bi í ní ohun tó máa ṣe bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn náà ní ìbéèrè títí ọ̀kan nínú wọn fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi í nípa VLAN, èyí tí a fi ń pín ìsokọ́ra kan ṣoṣo sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní, “N kò tíì ṣe é rí. Mo mọ ohun tó wà fún. Bí ẹ̀sùn rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ mi, n óò kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, n óò sì gbé e fún ìpele kejì.” Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn kò gbà á. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Ìbá rọrùn fún àròkọ mi bí mo bá lè sọ pé òtítọ́ borí ní ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n n kò ní ti ẹnu àròkọ yìí pa irọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tó padà wá bá mi, ó jókòó sí àárín àga dáadáa, kò sí etí rẹ̀ mọ́. Ó mọ ibi tí ìmọ̀ òun pin sí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà nípa VLAN. Ó ní iṣẹ́ mìíràn tí òun tún ti kọ̀wé sí. Mo bi í bóyá ó fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ padà. Ó ní kí n máa lò ó.

Ìwé náà wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí. Mo ti pinnu láti mú un lọ sí kíláàsì ní sáà tó ń bọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde tó ní kò yé òun, n óò fi hàn án, n óò sì ní kí gbogbo kíláàsì dákẹ́ kí ó lè béèrè ohun tó fẹ́ béèrè. Mo bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, mo sì bẹ ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ kí ẹ pa ọdún mẹ́ta yẹn rẹ́ kúrò nínú ìpolówó yín, kí ẹ fi ìbéèrè kan rọ́pò rẹ̀: “Sọ ohun kan tí o kò tíì mọ̀ fún wa, àti bí o ó ṣe mọ̀ ọ́n.”